Tógò ni iṣẹ́ Keshi tó ga jù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ipele kejì kan ń ráhùn lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa pé kí ni òun fẹ́ fi kọ́ọ̀sì èdè Faransé ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Olóògbé Stephen Keshi ni.

St Finbarr's College ní Àkọkà, iléèwé tí Fadá Denis Slattery dá sílẹ̀, ni Keshi ti kọ́kọ́ gbórúkọ nídìí bọ́ọ̀lù. Ó gbá fún New Nigerian Bank ní Benin. Ní 1985, àjọ bọ́ọ̀lù wa fìyà jẹ ẹ́, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ó kọjá sí Abidjan. Ibẹ̀ ló gbà dé Belgium, ó gbá fún Lokeren àti Anderlecht, kó tó lọ sí Strasbourg nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí yóò fi bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Faransé ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Gbogbo ayé ló ń ròyìn 2013 tó gba ife Áfíríkà fún wa ní Johannesburg, òun tó jẹ́ balógun ikọ̀ tó gba irú ife náà ní 1994. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ló ṣe irú ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní 2005, ó mú Tógò borí ẹgbẹ́ tí Sẹ̀nẹ̀gà wà, wọ́n sì dé Ife Àgbáyé tí wọn kò dé rí. Lójú tèmi, èyí ló ga jù, ẹnu ló sì fi ṣe é.

Ẹnìkan lè ní ògbufọ̀ ńkọ́? Ìṣẹ́jú 15 péré ni ìsinmi àárín eré. Bí ògbufọ̀ bá jẹ ìdajì rẹ̀, kí ló kù? Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá sì ń bínú, ògbufọ̀ kì í bá a bínú. Ní Makun-Omi tí mo dàgbà sí, ẹni tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn etí omi á fi Ìjẹ̀bú bú wa, á yí i sí Ìlàjẹ fún àwọn ọmọ tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, á wá fi pijin kádìí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló wí.

Èdè ò kúkú parí ìjà. Ní oṣù Kìíní 2006, ní Íjíbítì, Keshi àti Emmanuel Adebayor, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé, ta kora. Tógò pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n yọ Keshi, wọ́n sì gbé Otto Pfister ará Jámánì lọ jókòó sórí àga tí Keshi làágùn fún. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa nígbà náà, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Mali tún pè é lẹ́yìn náà. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ náà.

Mo ro gbogbo èyí fún ọmọ ipele kejì yẹn. Ó ní òun kì í wo bọ́ọ̀lù. Mo ní kó lọ kàwé, ìdánwò Faransé rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì.