Ta ló ń ta ọmọ ìrókò? Ìdí tí igi ìbílẹ̀ fi ṣòro láti rà

Bí òjò bá ti múlẹ̀ dáadáa láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, àsìkò igi gbígbìn dé nìyẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ á gbin tiwọn, iléeṣẹ́ ńlá á gbin tiwọn, àwọn iléèwé náà ò ní gbẹ́yìn. Wọ́n á pe oníròyìn, ọ̀gá àgbà kan á bu iyẹ̀pẹ̀ sídìí igi, wọ́n á ya fọ́tò, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fi máa parí, ewúrẹ́ ti jẹ òmíràn nínú wọn, òmíràn sì ti gbẹ torí pé kò sẹ́ni tó bomi rin ín.

Ìyẹn kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni èyí: ká ní ẹnì kan ní ilẹ̀ tirẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ gbin ìrókò kan tàbí ọ̀gànwó kan sílẹ̀ de àwọn ọmọ rẹ̀, ibo gan-an ló ti fẹ́ rà á?

Àwọn tó ń ta òdòdó létí títì pọ̀ n'Ìbàdàn, l'Ékòó àti l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó bá dúró lọ́dọ̀ wọn á rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga fíofío, tí wọ́n ń pè ní masquerade. Ará Íńdíà ni. Á rí royal palm, ìhà Kúbà àtàwọn erékùṣù Caribbean ló ti wá. Á rí ixora, ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Sẹ́kẹ́sẹkẹ̀ tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú létí ọ̀nà, Madagascar ni wọ́n ti gbé e wá. Dóńgóyárò pàápàá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ará òkè Ọya ni, ìhà Íńdíà ló ti wá. Nínú tilé, ó lè rí akòko, torí oyè jíjẹ. Ó lè rí pèrègún, torí pé wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Àgbálùmọ̀ náà kì í ṣòro jù. Àmọ́ tó bá béèrè ìrókò, ẹ̀rín ni ẹni tó ń tajà máa kọ́kọ́ fi dá a lóhùn.

Kò sẹ́bi lọ́rùn ẹni tó ń tajà. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé igi tó bá ti òkèèrè wá ló burú. Kòkó tó kọ́ ilé fún baba ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo èèyàn ń fi ṣe gàrí, ọ̀hún náà ló ti wá. Máńgòrò tiẹ̀ ti di onílé débi pé àdúgbò kan ń jẹ́ Ìdí-Máńgòrò l'Ékòó. Wọ́n gbìn ín, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì tún un gbìn. Bí igi ṣe ń di ti ìlú nìyẹn.

Àwọn tó jẹ́ tìlú láti ilẹ̀ wá ńkọ́? Orúkọ wọn ló kù lẹ́nu. Ìdí-Apẹ́, Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìdí-Oṣè, Ìdí-Iṣin, gbogbo wọn wà n'Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Ìdí-Àràbà wà l'Ékòó, Ìdí-Ìrókò sì wà lẹ́nu ibodè Bẹ̀nẹ̀. Ká mú Ìdí-Iṣin, níbi tí NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí èso àti ẹ̀fọ́, wà láti ọdún 1975. Igi iṣin tó sọ ibẹ̀ lórúkọ, wọ́n gbé e sọdá òkun nígbà òwò ẹrú, lónìí òun ni èso orílẹ̀-èdè Jàmáíkà, wọ́n ń fi í se oúnjẹ àárọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, èèyàn lè wá ọmọ iṣin títí létí títì kó má rí i rà.

Ká má tan ara ẹni jẹ, igi ìbílẹ̀ míì le láti sọ di ọjà. Ìrókò ní akọ lọ́tọ̀, ó ní abo lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gé akọ tó wà lágbègbè kan tán, abo tó kù lè máà ní irúgbìn tó lè hù mọ́. Irúgbìn ọ̀hún kéré bíńtín, inú èso rírọ̀ ló máa ń wà, àdán ló sì máa ń jẹ èso náà tí á gbé irúgbìn kiri. Tó bá wá hù tán, wàhálà míì ń dúró dè é. Kòkòrò kékeré kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma, á yé ẹyin sára ewé rẹ̀, ewé á wú bíi kókó, kókó á bẹ́, á rà, ṣóńṣó igi á sì kú. Òwe ní ìgbà tí ìrókò wà ní kékeré ló yẹ ká ti gé e, kó tó di ohun tí ń gba ẹbọ. Ó jọ pé kòkòrò yìí gbọ́ òwe náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí nìyẹn tí oko tí wọ́n bá gbin ìrókò nìkan sí kì í fi í sábà yọrí. Ó sàn kó wà láàárín igi míì, kó rí ìbòòji díẹ̀ ní kékeré.

Arère náà ní tiẹ̀. Kì í so lọ́dọọdún, ìgbà tó bá sì so, kòkòrò á ti ba púpọ̀ nínú irúgbìn rẹ̀ jẹ́, èyí tó kù kì í pẹ́ kú. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ n'Ìbàdàn, láàárín ọdún 1970 sí 1979, wá ọ̀nà láti máa gé ọ̀mùnú ẹ̀ka rẹ̀ kéékèèké, kí wọ́n sì mú un ta gbòǹgbò. Orógbó ńkọ́? Ó lè lo oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan nínú ilẹ̀ kó tó yọjú. Ẹni tó ń fi owó àjọ tajà òdòdó ò lè dúró dè é. Igi masquerade á ti tà lẹ́ẹ̀mejì kí orógbó tó là.

Ìjọba pàápàá, ohun tó yá ló sáré tẹ̀ lé látìgbà àwọn Òyìnbó. Ọdún 1899 ni wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀. Kò pẹ́ rárá, ní 1902, ni wọ́n gbin igi tíìkì láti Éṣíà síbẹ̀. Nígbà tó yá, gmelina, tóun náà wá láti Éṣíà, gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ nínú igbó ọba ní Ọmọ̀ nípìnlẹ̀ Ògùn àti ní Olúwa nípìnlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n yára dàgbà, wọ́n sì wúlò fún pákó àti òpó. Àmọ́ nọ́sìrì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ igi, tó bá ti mọ́ tíìkì àti gmelina lára, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi ìbílẹ̀ á di ohun tí àwọn díẹ̀ nìkan mọ̀.

Nígbà tí kò sí ọmọ igi lọ́jà, èèpo àti egbò igi wà níbẹ̀ digbídigbí. Ní ọjà Bódè n'Ìbàdàn, àti Òjúwòyè ní Mushin, àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ àti lékúlejá ń ta ohun tí wọ́n já, tí wọ́n bó, tí wọ́n wú nínú igbó. Ewé jíjá kì í pa igi. Èèpo ni ọ̀rọ̀ wà: bí wọ́n bá bó o yí igi po, oúnjẹ tí ewé ń ṣe ò lè dé gbòǹgbò mọ́, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóòró. Àwọn àgbà oníṣègùn kan máa ń bó o níhà ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn nìkan. Ohun yòówù kí wọ́n máa rò sí i, èèpo ṣì ń kù lára igi láti fi yè. Ẹni tí wọ́n bá wá bẹ̀ lọ́wẹ̀ kó kó àpò méjì èèpo wá kó tó di ọjọ́ ọjà, kò dájú pé á ráyè ìlà oòrùn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ò bá ìrókò lọ́hùn-ún. Igi míì tó jẹ́ ẹbí odán, tí wọ́n ń pè ní gameleira, ni wọ́n ń bọ lórúkọ Ìrókò ní Bahia títí dòní. Ní Kúbà, ìdí àràbà ni wọ́n gbé e lọ. Òkun ló pín àwọn yẹn níyà pẹ̀lú igi wọn. Ti ilé yìí, ẹ̀rọ ìgégi àti ilé kíkọ́ ló ń ṣe é.

Ibì kan wà tí wọ́n ti gba ọ̀nà ọjà yanjú irú nǹkan báyìí díẹ̀díẹ̀. Ní California, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1965, àwọn aráàlú kan kóra jọ nígbà tí ọgbà ewéko ìbílẹ̀ kan nítòsí Berkeley fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbà á sílẹ̀, wọn ò sì tú ká. Ẹgbẹ́ ọ̀hún, California Native Plant Society, ti ní ẹ̀ka tó lé ní 30 báyìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wọn máa ń pàtẹ lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ẹni tó rà á lè gbìn ín kí òjò tó dé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ ara wọn tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tó wá rajà á tún bá ẹni tó mọ ewéko pàdé, tó máa sọ fún un pé èyí ò fẹ́ omi púpọ̀, èyí labalábá fẹ́ràn ẹ̀. Owó tí wọ́n bá pa ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Lọ́dún 1974, wọ́n gbé ìwé kan jáde tó to àwọn ewéko tó ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ìjọba sì ń lo àkọsílẹ̀ yẹn títí dòní. Wọn ò sì fàyè gba kéèyàn lọ hú ewéko nínú igbó wá tà.

Kókó tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ níbí. Bí ọmọ igi ìbílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà lónìí, ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹnì kan wọ igbó Ọmọ̀ lọ hú u. Ọjà tó yẹ kó gba igi là á wá di ọ̀nà míì láti kó o tán. Ó yẹ kí ẹni tó ń rà máa béèrè ibi tí wọ́n ti rí irúgbìn, bó ṣe máa ń béèrè bóyá epo ní àbùlà.

N'Ìbàdàn, kì í ṣe pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀. FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1954, wà ní Jẹ́ríkò, ó sì ní nọ́sìrì. IITA dá igbó tó tó hẹ́kítà 350 sí nínú ọgbà rẹ̀, láti 2010 ni wọ́n sì ti ní iṣẹ́ àkànṣe tó ń tọ́jú ọmọ igi ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tó ti wà láti 1980, ń lé e kí igbó tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Nàìjíríà kó tó di 2047. Ìmọ̀ wà, nọ́sìrì wà. Ohun tí kò sí ni àtẹ tó máa gbé ọmọ igi náà dé Bódè àti Ìdí-Apẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn pọ̀.

Ẹni tó sì yẹ kó wà nídìí àtẹ yẹn ni àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ fúnra wọn. Wọ́n mọ ewé jú ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ yunifásítì lọ, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ìyálọ́jà, oníbàárà ti mọ̀ wọ́n. Èyí tó ń ta èèpo orín ata lè ta ọmọ orín ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà igbó bá ń jìn sí i lọ́dọọdún, òun lọjà máa kọ́kọ́ wọ́n mọ́ lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé igi ọ̀fẹ́ ló máa ń wu èèyàn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fowó ra igi, á bomi rin ín, á sì lé ewúrẹ́. Ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dáa kí ẹnikẹ́ni gbin àràbà sínú póòtù 50 nílọ̀po 100, gbòǹgbò rẹ̀ á wọlé. Akòko, ewúro àti asọ́fẹ́yẹjẹ ló bá irú ibẹ̀ mu. Àràbà, ọ̀gànwó àti ìrókò, ọgbà iléèwé, ààfin àti itẹ́ òkú ló ní àyè wọn. Ti ìrókò tiẹ̀ tún ní ẹ̀rù nínú, torí ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé ilé Olúwéré ni, wọn ò ní gbà kí wọ́n gbìn ín sí tòsí ilé. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ múra láti dáhùn ìbéèrè yẹn náà.

Fún ọdún yìí, ẹni tó bá rí igi rà kó gbìn ín sílẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó wọlé, kí gbòǹgbò lè mú ilẹ̀ kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ ta orógbó lọ́dún tó ń bọ̀, inú ọ̀rá ló yẹ kí irúgbìn rẹ̀ ti wà báyìí.