Ẹni Tó Ń Tún Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nílé, Kí Ó Ro Ti Ará Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá àwọn ọkùnrin wa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe nínú gáréèjì ilé tàbí lẹ́yìnkùlé, ní ìrọ̀lẹ́ àti lọ́jọ́ ìsinmi, títí ọkọ̀ náà yóò fi máa dán bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e dé.

Ní ìlú wa níhìn-ín, Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá àti Peugeot 504 wà lára àwọn tí wọ́n ń tún ṣe. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jogún ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá wọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ alágbára tí ẹ́ńjìnnì wọn ń bú ramúramù bíi kìnnìún ni wọ́n ń wá kiri: Pontiac GTO àti Ford Mustang tí wọ́n jáde ní 1964, àti Chevrolet Camaro ti 1967. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ gáréèjì ló so mọ́ ilé gan-an, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ọkọ̀ àti ilé ìdáná. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ gé ìwé yìí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.

N kò bá iṣẹ́ náà jà. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe sàn ju ẹni tó ń jókòó sídìí ọtí lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé májèlé tó wà lára ọkọ̀ àtijọ́ kì í mọ ẹni tó ni ọkọ̀. Bàbá ló ń gbádùn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìyá, ọmọ àti ọmọṣẹ́ ni wọ́n ń bá a pín ewu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òjé. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀ láyé ìgbà náà, pàápàá èyí tó pupa àti èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, òjé wà níbẹ̀. Àwọn tó kan ara ọkọ̀ nígbà náà a tún máa yọ́ òjé dí ojú ibi tí irin ti pàdé irin. Bẹntiróòlù tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń mu náà ní òjé nínú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kù sínú èéfín dúdú tó gan mọ́ inú sàlẹ́ńsà wọn. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn nínú gbogbo ayé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irú bẹntiróòlù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá wá mú sáńdípépà, tí ẹ ń ha ọ̀dà àtijọ́ náà ní gbígbẹ, òjé ni ẹ ń sọ di lẹ́búlẹ́bú. Yóò bà sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé, yóò bà sórí aṣọ tí a sá, yóò sì bá yín wọlé lára ṣòkòtò.

Àgbàlagbà lè gbé òjé díẹ̀ sára kí ó má tètè mọ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀. Ara ọmọdé ń gba òjé ju ti àgbà lọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lẹ́nu. Òjé a máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀kọ́ a máa ṣòro fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dín kù, inú a máa run ún. Bí ó bá pọ̀ jù, gìrì a mú un, ó sì lè kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu. Ọpọlọ tí òjé bá sì ti bà jẹ́, kò sí oògùn tí a ní tó lè dá a padà bí ó ti wà.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010. Àwọn bàbá ń wa wúrà, wọ́n ń kó òkúta rẹ̀ wá sílé, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé wọn. Wọn kò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú. N kò sọ pé eruku ọkọ̀ kan tó ti òkúta wọ̀nyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a gbé wọ inú ilé ni ó wá àwọn ọmọ náà rí.

Ohun kejì ni eruku bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì ayé àtijọ́, irú èyí tó wà nínú páànù ẹlẹ́rùpẹ̀ tí wọ́n fi bo ilé nígbà kan. Mo ti rí àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọkanáísà fẹ́ eruku náà dànù, tí gbogbo ojú wọn á funfun. Asbestos kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè lò tó 20 ọdún tàbí 40 ọdún nínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó tó di èémí tí kò dé ìsàlẹ̀ mọ́, tàbí jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín dáadáa, kí ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì kó o dànù síbi tí ọmọdé kò lè dé.

Ẹ̀kẹta, gáàsì inú sàlẹ́ńsà. Òun náà ni gáàsì tó ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ̀jẹ̀ wa a sì máa dì mọ́ ọn ju afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni yóò kọ́kọ́ fi hàn, oorun yóò sì tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, láti orí ọkọ̀ ti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun èlò tó ń dín gáàsì yìí kù sí ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Àwọn ọkọ̀ alágbára tó ṣáájú ìgbà náà kò ní i. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ kò tó. Ẹ ti ọkọ̀ bọ́ sí gbangba kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni bẹntiróòlù. Ní dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé ọmọṣẹ́ kan tí kò ju ọdún 14 lọ wá bá wa. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó fi ẹnu fa bẹntiróòlù àtijọ́ kúrò nínú táńkì, ó gbé e mì, ó sì há a lọ́fun. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fún un ní epo pupa mu, wọ́n sì ti ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kí ó lè bì. Èébì náà ló gbé bẹntiróòlù lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, Ọlọ́run sì yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀ ló fi jà fún èémí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mu bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan. Ẹ má sì ṣe rọ bẹntiróòlù sínú ìgò mínírà, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní bi yín léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí omi bátìrì bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé e lọ. Kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe omi ọmú. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fi ìdúró irin tó lágbára sí i. Jáàkì lè yẹ̀ nígbàkigbà.

Àwọn kan yóò ní, “Nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì àgbà wa ti ń ṣe é láti 40 ọdún, ara rẹ̀ sì le.” Mo gbọ́. Ẹni tó ṣẹ́kù ni a ń rí. Àwọn tí àyà dídùn ti gbé lọ kò sí ní sọ́ọ̀bù mọ́ kí wọ́n wá jẹ́rìí. Àwọn mìíràn yóò ní owó ìbòjú àti ìdúró irin ti pọ̀ jù. Ẹni tó ra táyà tuntun fún ọkọ̀ tí kò tíì lè rìn, kí ó má sọ fún mi pé kò sí owó láti dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọlọ́mọ tó ń bá a ha ọ̀dà.

Èrò tèmi nìyí. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, wáyà, àga àti ìdè, ẹ lè ṣe é nílé. Ṣùgbọ́n híha ọ̀dà àti fífín ọ̀dà tuntun, ẹ gbé wọn lọ sí sọ́ọ̀bù àwọn tó ní ohun èlò rẹ̀, nítorí ọ̀dà alápòpọ̀ tí wọ́n ń fín lóde òní lè sọ ènìyàn di oníkọ́ fée, ìbòjú aláṣọ lásán kò sì lè dá a dúró. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ha ibi díẹ̀ nílé, kí ó jẹ́ pẹ̀lú omi, kí ọmọdé àti aboyún jìnnà sí ibẹ̀. Ẹ ya aṣọ iṣẹ́ àti bàtà sọ́tọ̀, kí ẹ bọ́ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan oúnjẹ tàbí gbé ọmọ. Bí ẹ bá sì ti ha ọ̀dà àtijọ́ nílé tí ọmọ kékeré wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà fún àyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kò ṣe àfojúdi bí ẹ bá ní kí baálé bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ìta. Ọkọ̀ tó bà jẹ́ láti 1964, ènìyàn ti tún un ṣe, ó sì ń rìn. Ẹ̀yà ara tí a ó fi pààrọ̀ ọpọlọ ọmọ, a kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìlera.