"Ṣé Ìlú Yẹn Kò Ní Káńsù Ni?"



Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn lóṣù yìí, ìyá àgbà kan ló sì bi wá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà tí ọdún 2025 ń lọ sópin, bí ìsìn ti parí ní Òde-Ayé, tí a ń dágbére fún àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, màmá yìí fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án ní Chicago, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó gbéyàwó síbẹ̀, ó bí ọmọ méjì síbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pe ìyá rẹ̀ láti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́hùn-ún, tí màmá á máa gbọ́ ìlù àti ariwo àwọn ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, inú yàrá ló ti ń pè, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí màmá fún un lọ́rùn, ó jẹ́wọ́ pé òun kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn ìmígíréṣọ̀n ń kó ènìyàn nígboro, ìwé òun kò sì tíì pé.

Màmá kò sunkún. Ó kàn wò wá lójú, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ìlú yẹn kò ní káńsù ni?"

Àwọn kan tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Lójú màmá, ìjọba ni àwọn tó mọ ojúlé ẹni: káńsù tó ń gba owó ìsọ̀ lọ́jà, tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ bí a bá bí i, tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kàn. Bí àwọn kan bá ti olú-ìlú wá láti mú aládùúgbò ẹni lọ, kí ni àwọn tó mọ ojúlé rẹ̀ yóò wí?

Ìdáhùn wa ni pé Chicago ní káńsù, káńsù náà kò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, kí a má baà fi ìrètí asán tu ìyá nínú.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tí wọn yóò lé wà. Olórí ìlú, tí wọ́n ń pè ní méyọ̀, kò lè fún àlejò ní ìwé ìgbélùú, kò sì lè ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ má wọ ìlú òun. Ohun tó lè ṣe ni pé kò ní yá wọn ní ọlọ́pàá ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ kan tó dá lórí títa ìbọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò lè fi tipátipá sọ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ di ìránṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ ni kó rán ọmọ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni Chicago fẹsẹ̀ tẹ̀. Láti ọdún 1985 ni Harold Washington, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ìlú náà, ti pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú má ṣe bá ìjọba àpapọ̀ ṣe iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ di òfin. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pe ìlú náà àti ìpínlẹ̀ Illinois lẹ́jọ́ nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n wọ ìlú náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Nínú oṣù kẹwàá, Méyọ̀ Brandon Johnson fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ lo ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìlú, ì báà jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ilẹ̀ tó ṣófo, láti kóra jọ fún iṣẹ́ mímú ènìyàn. Àwọn ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ náà ní àwọn kò ní jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n wọlé àfi bó bá mú ìwé àṣẹ tí adájọ́ fọwọ́ sí wá.

Ǹjẹ́ gbogbo èyí dá wọn dúró bí? Rárá o. Ní òru tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án yẹn, wọ́n fi hẹlikópítà ya bo ilé ńlá kan ní àdúgbò South Shore, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí, wọ́n sì de àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá lọ́wọ́ mọ́ àwọn àlejò. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọdún 2011 ni ìlànà kan ti wà pé kí àwọn ìmígíréṣọ̀n má ṣe máa mú ènìyàn nínú ilé ìsìn, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn láìsí ìdí pàtàkì. Ìjọba pa ìlànà náà rẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àwọn ìjọ mélòó kan gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ kan ní Maryland sì gbà wọ́n sílẹ̀ nínú oṣù kejì, ṣùgbọ́n àwọn tó pẹjọ́ nìkan ni ìdájọ́ náà bò. Nítorí náà, ọmọ màmá kò ya ojo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tutù.

Bó bá ṣe Houston ló wà ni, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí gidigidi, ìdáhùn wa ìbá yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ṣẹ́rífù àgbègbè Harris, níbi tí Houston wà, yọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, gómìnà Texas ti fọwọ́ sí òfin pé ìlú tàbí àgbègbè kankan kò gbọdọ̀ dí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́. Ṣẹ́rífù tó bá kọ̀ láti dá ẹni tí ìmígíréṣọ̀n ní kó dá dúró sí àtìmọ́lé lè pàdánù ipò rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan náà, àlejò kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn gbé ló ń sọ bí oorun rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ màmá kò jẹ́ ká sùn lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe nítorí Chicago, bí kò ṣe nítorí ọkùnrin kan tó ń ran bàtà ní Òde-Ayé níhìn-ín, nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Ọmọ Gánà ni. Abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń jókòó sí, ó sì gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ débi pé ó lè fi bú ènìyàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Gánà tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Ìgbà náà ni báàgì onígun-mẹ́rin yẹn gba orúkọ tí a ń pè é dòní. Gánà ti ti bodè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 29 ló tó ṣí i, àwọn ènìyàn sì há sójú ọ̀nà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láìjẹ láìmu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìkéde náà kò kan gbogbo wọn bákan náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lè dúró. Ẹni tó ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní àyè títí di ìparí oṣù kejì. Ǹjẹ́ a lè ka aránbàtà kún ẹni tó ní ẹ̀kọ́ṣẹ́? Títí di òní a kò mọ̀, òun náà kò sì mọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn aláṣẹ tó sún mọ́ wa tó pe àwọn àlejò ìlú jọ láti là á yé wọn, kò sí ẹni tó ní kí ará ìlú tó jẹ gbèsè lọ san án, kò sí ẹni tó kọ ìwé pé lágbájá ti bá wa gbé fún ọdún báyìí, a kò sì rí ìwà burúkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, àdúrà nìkan la gbà.

Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó ń ti ilé dé ilé gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá wa jẹ ẹ́ ní náírà mẹ́rin, owó sáńdà tí a ń wọ̀ lọ sílé-ìwé. Wọ́n ní kí a sọ pé wọn kò sí nílé. Àwa la lọ sọ ọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú sáńdà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. Ó wo ẹsẹ̀ wa, ó ní, "Ẹ kí Bàbá." Ó lọ.

Èyí tó wá dunni jù ni pé àwọn ènìyàn wa ti jẹ irú ìyà kan náà rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà àti ìlú mìíràn, fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀ wá sílé. Ọdún mẹ́tàlá lé díẹ̀ péré ló wà láàárín méjèèjì.

Lónìí, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ìmígíréṣọ̀n, ìwé ìrìnnà àti lílé àjèjì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ káńsù ló fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sí, àti ọjà, àti ibùdókọ̀. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà láàárín wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko àti bíríkìlà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà; lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ni wọ́n nílò. Mélòó nínú wọn ló mọ̀? Mélòó nínú ọmọ tí wọ́n bí sí Òde-Ayé ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí? Iṣẹ́ káńsù nìyẹn, kò sì ní kí a bá Àbújá jà. Nígbà tí Rúùtù ará Móábù dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àgbà mẹ́wàá lẹ́nu ibodè ni Bóásì pè láti jẹ́rìí ọ̀rọ̀ rẹ̀; wọn kò dúró de ọba, ọba kò tilẹ̀ tíì sí nígbà náà.

Ohun tí a sọ fún màmá kò tó nǹkan. A ní kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ kó wá lọ́yà gidi, kó má fi owó lé ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá a wá ìwé lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Kí òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí yóò lọ mú àwọn ọmọ níléèwé sílẹ̀, bí wọn kò bá lè dé ibẹ̀ fúnra wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, màmá tún wá bá wa. Ó ní ọmọ òun sọ pé ilé-ìwé fi lẹ́tà kan sínú báàgì ọmọ rẹ̀ àgbà, pé àwọn kò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá mú ìwé adájọ́ dání. Màmá ní kó gbé lẹ́tà náà síwájú fóònù kí òun lè rí i. Màmá kò mọ̀wé. Ó ní òun kàn fẹ́ wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí.