Ẹ Wo Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀

Ní ayé àwọn baba wa, ìlú ni ilé wà, oko ni iṣẹ́ wà. Ará Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta a jí ní kùtùkùtù, a mú ọ̀nà oko pọ̀n, a sì padà wá sí ìlú nígbàtí iṣẹ́ bá tán. Lónìí ọ̀ràn náà ti yí padà: púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò Èkó ni ó ń sùn ní ìhà Mówe, Ọ̀fàdà tàbí Àgbádó, tí wọ́n sì ń jí lọ sí ìlú láti ṣiṣẹ́. Àwa kò bá wọn wí. Owó ilé Èkó wọ́n, afẹ́fẹ́ ìgbèríko sì dára. Ẹni tí ó bá sì ní ilé tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ onílé.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa rò ni èyí: ẹni tí ń ta ilẹ̀ a máa fi máìlì ka ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí yíò máa rìn ín, wákàtí àti owó ni yíò fi kà á. Bí ènìà bá lo wákàtí 3 ní àlọ àti 3 ní àbọ̀, ní ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀, wákàtí 30 ni. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 48, ó di wákàtí 1,440, èyí tí í ṣe 60 ọjọ́, tọ̀sán tòru. Oṣù méjì gbáko nínú ọdún kan, lórí ìjókòó ọkọ̀! Àwọn ọmọ kò tíì jí nígbàtí ó jáde, wọ́n sì ti sùn kí ó tó dé. Ta ni ó wá kọ́ ilé náà fún?

Owó ọkọ̀ pàápàá kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Máyì 2023, nígbàtí Ìjọba Àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, iye rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì gbéra pẹ̀lú. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ pọ́ọ́kú ní ọ̀nà jíjìn wá rí i wípé owó tí òun kò san fún onílẹ̀, awakọ̀ ni òun ń san án fún.

Nítorínáà, kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí. Láti 2021 ni èyí titun ti ń rìn láàrin Èkó àti Ìbàdàn, tí ó ń gba Kájọlà àti Abẹ́òkúta kọjá. Láti oṣù Októbà 2024 ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ń gbé èrò láti Àgbádó dé Oyíngbò. Ṣùgbọ́n kí a béèrè agogo tí ó ń gbéra. Ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn tí a ti ṣí ọ́fíìsì kò wúlò fún akọ̀wé.

Kí olùrà má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ọjọ́ Ìsinmi tí alágbàtà fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé e lọ wo ilẹ̀. Kí ó lọ fúnrarẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ajé, nígbà òjò, kí ó ti ibẹ̀ wọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, nítorí Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Mówe àti Ọ̀fàdà wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abẹ́òkúta ni ìwé wọn wà, kì í ṣe Èkó.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ọ̀nà ni kí a wò kí a tó sọ ilẹ̀ di ilé.