Èwo Ni Kí A Gbà Nínú Iye Tí Ilẹ̀ Fi Hàn?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo fẹ́ fi kún un pé èyí tí a fi sìmẹ́ǹtì àti irin kọ́ pàápàá lè wó, bí a bá ṣi agbára ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rò.

Ẹ wo àká ọkà kan ní Transcona, lẹ́bàá ìlú Winnipeg ní ilẹ̀ Kánádà. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọ́n gbé ẹrù lé ilẹ̀ láti dán an wò, ilẹ̀ náà sì gbà á. Ṣùgbọ́n òkè, níbi tí amọ̀ ti le, nìkan ni ìdánwò náà kàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1913, bí ọkà ti ń kún inú rẹ̀, àká náà rì, ó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi tẹ̀ tó ìwọ̀n digírì 27. Nígbà tí a gbẹ́lẹ̀ wò níbẹ̀ ní ọdún 1951, a rí i pé amọ̀ ìsàlẹ̀ rọ̀ ju ti òkè lọ. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ní kíláàsì ìṣirò, a ń kọ́ ọmọ láti wá ìpíndọ́gba. Ká ní a gbẹ́ ihò márùn-ún, tí agbára ilẹ̀ sì jẹ́ 60, 55, 58, 20 àti 57. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 50, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ihò kan ṣoṣo tí ó fún wa ní 50. Ẹlòmíràn yóò ní kí a kúkú gba 20, kí ọkàn lè balẹ̀. Èyí náà kì í fi gbogbo ìgbà tọ̀nà, nítorí owó ìpìlẹ̀ lè ga ju agbára onílé lọ.

Èrò mi ni pé kí a kọ́kọ́ béèrè apá ilẹ̀ tí ẹrù ilé yóò tẹ̀. Bí ó bá gbòòrò, tí ibi rírọ̀ sì kéré, apá líle yóò ràn án lọ́wọ́. Kí a gba iye tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìpíndọ́gba. Ṣùgbọ́n bí igun ilé kan bá dúró lórí ibi tí ó jẹ́ 20, 20 ni kí a fi ṣírò igun náà. Bí ihò tí a gbẹ́ kò bá sì pọ̀, kí iye tí a ó gbà túbọ̀ rẹlẹ̀, nítorí àìmọ̀ ní owó tirẹ̀. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù tí a ń pè ní Eurocode 7 pàápàá ní kí a fi ìṣọ́ra yan iye ilẹ̀.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, kí a kọ́ ọ láti béèrè ibi tí a ti rí iye náà, iye ìgbà tí a wọ̀n ọ́n, àti ohun tí a fẹ́ gbé lé e.