Omi Mọ́ Lójú, Ṣé Ẹ Ti Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi lè gbé ọ̀tá wọlé wá báni. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí borehole fún aráàlú láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ omi rẹ̀ wò. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bangladesh.

Omi adágún àti omi odò ni ọ̀pọ̀ wọn ń mu tẹ́lẹ̀, onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa wọ́n lọ́mọ. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba àti UNICEF bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn káàkiri. Omi náà mọ́ gaara, kò rùn. Àfi ìgbà tó di 1993 tí àyẹ̀wò fi hàn pé arsenic wà nínú rẹ̀, májèlé gidi.

Ta ló dà á síbẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Láti òkè Himalaya ni odò Ganges àti Brahmaputra ti ń wọ́ erùpẹ̀ bọ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Irin wà lára erùpẹ̀ yẹn, irin náà sì ti dípẹtà bí ìṣó tí òjò pa. Ìpẹtà yìí ló di arsenic mú pinpin. Ṣùgbọ́n ewé àti koríko jíjẹrà bá erùpẹ̀ náà wọlẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ wọ́n, wọ́n lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán, ni wọ́n bá ń lo ìpẹtà irin dípò rẹ̀. Irin yòrò, arsenic bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá omi lọ.

Ìdí nìyẹn tí kànga méjì fi lè wà nítòsí ara wọn, kí ọ̀kan dáa, kí èkejì ní májèlé. Ojú ò rí i, ahọ́n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sè é títí, omi ló máa dín kù, arsenic ò ní lọ. Ó lè tó ọdún mélòó kan kó tó hàn: awọ ara á yí padà, àtẹ́lẹwọ́ á le gbagidi, jẹjẹrẹ á tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí omi kànga ṣì sàn ju omi odò lọ?" Ó sàn, mi ò ní ká padà sódò. Àwọn tó gbẹ́ kànga ọ̀hún ò ní èrò ibi. Arsenic ò sí lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú omi nígbà yẹn ni. Àwa ò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àjọ WHO ti ní kó má ju microgram 10 lọ nínú lítà omi kan. Nígbà tí àwọn ará Bangladesh yẹ kànga wọn wò tán, wọ́n kun ẹnu ẹ̀rọ tó léwu ní pupa, wọ́n kun èyí tó dáa ní àwọ̀ ewé. Ọmọdé pàápàá á mọ èyí tí yóò pọn.

Mi ò sọ pé arsenic wà nínú omi tiwa o. Mò ń sọ pé ojú lásán ò lè sọ fún wa. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi borehole wa wò, kẹ́ ẹ sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ pátákó yìí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí olóṣèlú bá wá ṣí borehole ládùúgbò yín, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé àyẹ̀wò.