Yacht ₦5 bílíọ̀nù àti àgólo ọ̀dà kan

Ní Ìsánlú, tí ẹnìkan bá sọ pé "Òkun o", ó ń kí yín ni. Omi òkun gan-an jìnnà sí wa. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ yacht ààrẹ bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2023, àwa náà dá sí i dáadáa. Ṣé ẹ rántí? Inú àfikún ètò ìṣúná ₦2.17 tírílíọ̀nù ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ owó àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó lé díẹ̀ ní ₦5 bílíọ̀nù. Ariwo ta, orí X kún fún ẹ̀fẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin bá gbé owó náà sórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn wá di ₦10 bílíọ̀nù. A pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Lójú tèmi, kò tíì parí. Ní June ọdún yẹn kan náà, àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ní Egboti, ìpínlẹ̀ Niger, ń padà sí abúlé wọn lágbègbè Patigi ní Kwara, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yàgbà wa. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, wọ́n bá kó sínú ọkọ̀ onígi kan lóru. Ọkọ̀ náà dànù. Àwọn tó kú lé ní 100. Ní November 2024, ọkọ̀ mìíràn tó gbé àwọn oníṣòwò láti Kogi tiwa lọ sí ọjà Katcha tún dojú dé.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ olówó. Koru, yacht Jeff Bezos tí Oceanco kàn ní Netherlands, gùn tó mítà 127, ó ní òpó ìgbòkun mẹ́ta. Àwọn òpó yẹn ga débi pé, lọ́dún 2022, ọ̀rọ̀ jáde pé wọ́n fẹ́ tú apá kan afárá àtijọ́ Rotterdam kí ọkọ̀ lè kọjá. Aráàlú fárí gá, wọ́n ní ẹyin tó ti bàjẹ́ làwọn máa sọ lù ú. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n wá fà á gbà, láìtíì ri òpó mọ́ ọn. (Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ yẹn.)

Ṣùgbọ́n abẹ́ omi ni iṣẹ́ gidi wà. Ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ ga tó báyẹn, atẹ́gùn á máa tì í ṣẹ̀gbẹ́, nítorí náà wọ́n á di nǹkan wúwo sí ìdí rẹ̀, kó lè máa nà ró padà. Kí wọ́n tó gé irin rárá, kọ̀ǹpútà ti ṣírò ẹ́ńjìnnì, omi, epo àti ènìyàn. Tó bá wọ omi tán, wọ́n á tún gbé ẹrù tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí wọ́n wo bó ṣe máa tẹ̀ tó.

Kì í ṣe olówó nìkan ló ni ìmọ̀ yìí o. Lọ́dún 1876, lẹ́yìn ìjà Samuel Plimsoll, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n kun àmì sára ọkọ̀ ẹrù: omi ò gbọ́dọ̀ bò ó. Àgólo ọ̀dà kan tó o.

Àjọ NIWA tó ń bójú tó àwọn odò wa, Lọ́kọ́ja ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, níhìn-ín ní Kogi. Wọ́n lè kun gbogbo ọkọ̀ onígi tó wà lórí Ọya. Mo mọ̀ pé ọ̀dà nìkan ò ní dá awakọ̀ dúró, torí èrò púpọ̀ ni owó púpọ̀, èrò pàápàá sì fẹ́ délé kílẹ̀ tó ṣú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà ní èbúté tó lè sọ pé "ẹ sọ̀kalẹ̀", tí kì í ṣe ọlọ́kọ̀ ló ń sanwó fún un. Owó oṣù ẹni yẹn ni mo fẹ́ rí nínú ìṣúná tó ń bọ̀.